Ọwọ́ Ta Ló Wà Léjìká Rẹ?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le díẹ̀. Orúnkún òsì ni kò gbọ́ràn, tọ̀tún ń bá a lọ. Ìyá Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa náà ló ń bá mi kọ ìwé yìí lórí tábìlì máṣíìnì rẹ̀. Tí o bá rí ibi tó pupa lára ìwé, ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe wí i ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi oyin sí i.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo wò ó dáadáa. Mo rí ẹja. Ẹja náà gùn tó láti ìbàdí rẹ dé ilẹ̀, orí rẹ̀ bí orí ejò, ẹnu rẹ̀ kún fún eyín. A ní irú rẹ̀ nínú odò níbí, ṣùgbọ́n tiwa ò ju apá ọmọdé lọ. Mo rí ìwọ náà, o ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkùnrin àgbà kan tó dé fìlà fífẹ̀, tó dúró sẹ́yìn rẹ, tó gbé ọwọ́ lé ọ léjìká bí ẹni tó bí ọ.

Ọwọ́ ta ni?

O kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pé, "Èmi àti Bàbá Onífìlà." Ìyá Aránṣọ kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, torí mo rò pé ó ṣì í kà ni. Mi ò mọ̀ pé bàbá ti di ohun tí èèyàn ń rí he létí omi.

Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn? Ẹnu mi ni mo fi ń gé okùn fún ọ nígbà tí eyín mi ṣì pé. Ìyá rẹ á jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, á máa gbọ́n omi, á máa sọ pé kí n má pariwo mọ́ ọ, pé ẹja á sá. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tó ti lọ. O ò wá sin ín. O sọ fún mi nínú fóònù pé wọn ò fún ọ láyè níbi iṣẹ́. Mo gbọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ju fóònù náà sódò, mi ò sì ní ra òmíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fún ọ láyè láti pẹja.

Ọkọ̀ wa ṣì wà. Mo ti dí ibi tó ń jò. Láti kékeré ni mo ti sọ fún ọ pé tìrẹ ni. Fi okùn tó nípọn ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí ẹ fi fa ẹja yẹn. Kí o sì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́.

Èmi bàbá rẹ, èyí tó bí ọ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ rọra ṣe pẹ̀lú orúnkún yẹn, ẹ má gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ bá mi kí Ìyá Aránṣọ, ẹ ní ṣọ́ọ̀kì ò ba nǹkan kan jẹ́.

Okùn wà nínú páálí tó tẹ̀ lé lẹ́tà yìí. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé e, ẹ má fi eyín gé e. Ó le ju èyí tí ẹ mọ̀ lọ.

Ẹ bi mí nípa Bàbá Onífìlà. Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn la máa ń fọ̀. Èmi ló wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fún omi jáde. Aṣọ á jáde ní gbígbóná, wọ́n á ti wé mọ́ra bí okùn, ó kù sí ọwọ́ mi láti tú wọn. Òun ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó máa ń wá jókòó lọ́sàn-án sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí a ti ń jẹun. Ọjọ́ tí ẹ pè mí nípa Màmá, orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo wà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ní, "Lọ́jọ́ Àìkú, wá ká lọ pẹja."

Adágún omi kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀ kí omi tó kún un. A kì í lo ekòló. Àkèré rọ́bà la máa ń jù, ó ní ìwọ̀ méjì lẹ́yìn. Kò ní òórùn, kò ní ẹran lára. Bàbá Onífìlà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fà á kó máa fò lórí omi bí ohun tó ní ẹ̀mí. Bàbá Onífìlà ní apá mi yá jù, pé kí n máa fà á bí ẹni tí kò kánjú. Tí ẹja olórí-ejò yìí bá bímọ, àwọn ọmọ á ṣù jọ lókè omi, wọ́n á pupa bí ẹ̀yinná, ìyá àti bàbá á máa ṣọ́ wọn nísàlẹ̀. Ohunkóhun tó bá gba àárín àwọn ọmọ yẹn kọjá, wọ́n á gbá a mú. Bàbá Onífìlà ní kì í ṣe ebi, owú ni. Nítorí náà, a máa ń ju àkèré náà kọjá wọn, a ó wá fà á gba àárín wọn padà, omi á sì là bí ìgbà tí ilẹ̀kùn já. Bàbá Onífìlà ní kò sí ohun tó dà bí i láyé.

Ojú ewé yìí ti kún, mo yí i sẹ́yìn.

Ọwọ́ tí ẹ rí léjìká mi, Bàbá: ọkùnrin náà kò ríran. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ. Èmi ni mò ń mú un lọ sétí omi, ọwọ́ rẹ̀ á wà léjìká mi kó má baà jábọ́ sínú adágún. Etí ló fi ń pẹja. Ẹja yẹn máa ń wá sókè láti mí, tó bá ti gbé afẹ́fẹ́ mì, ó ní ìró kékeré kan, bí ẹni tó ń mu omi tó gbóná. Tó bá ti gbọ́ ìró náà, á fi ìka tẹ èjìká mi, á tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì, ibẹ̀ ni mo máa ju àkèré sí. Mo rò pé ẹ máa rí i nínú fọ́tò pé ojú rẹ̀ ò wo ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí, òun ló wúwo jù. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti fún mi ní fọ́ọ̀mù ọdún méjì sí i. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹrin ló gbẹ̀yìn láti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ò lè kúrò kí ọdún méjì tó pé. Mo fẹ́ wálé, Bàbá. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mi ò ti wá sin Màmá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ rí mi. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Tí ẹ bá ní kí n wá, mi ò ní fọwọ́ sí i. Tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, màá mọ̀ pé inú ṣì ń bí yín, màá sì dúró síbí.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹta

Ìwọ,

Okùn dé. Ó dára. Mo fi eyín gé e, eyín kan sì yẹ̀. Ìyẹn ò kàn ọ́.

Lẹ́tà rẹ náà dé. Mi ò gbọ́ ọ tán. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí Ìyá Aránṣọ pe orúkọ ọkùnrin yẹn, mo ní kó ká ìwé náà. Ó ní, "Bàbá, ó ku ẹ̀yìn ìwé o." Mo ní kí ẹ̀yìn máa wà lẹ́yìn. Mo ti gbọ́ èyí tó tó mi í gbọ́. Bàbá Onífìlà ní, Bàbá Onífìlà ní. Ṣé odi ni èmi ni? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí nínú ọkọ̀ yẹn. Fi ẹyọ kan hàn mí tí o kọ sínú lẹ́tà rí.

Ó ní apá rẹ yá jù. Apá mi ni apá yẹn. Ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un wáyé. Tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi tààrà.

Kí o sì sọ fún un pé ẹja tó ń ṣọ́ ọmọ, a kì í fọwọ́ kàn án. O mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó mọ ilé ìwé. Nígbà tí a bá rí omi tó pupa, tó ń hó bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ á fi àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi á yí orí ọkọ̀ padà. O bi wá lọ́jọ́ kan pé kí ló dé, ìyá rẹ ní, "Onílé wà nílé." Ẹni tó ń gba àárín ọmọ kọjá kó lè mú bàbá wọn, ìyẹn kì í ṣe apẹja. Ọkùnrin yẹn ò bímọ rí, mo lè búra.

Bí ìwọ ti rí bàbá, èmi náà ti rí ọmọ. Káfíńtà ìsàlẹ̀ àdúgbò ń bá mi lọ sódò báyìí. Ọmọ gidi ni. Ojú mi ló ti ń pè mí ní Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yìn fọ́tò. Ẹ̀yìn ọkọ̀, ibi tí ìyá rẹ ń jókòó, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, ó sì mọ omi í gbọ́n. Mò ń rò ó láti fún un ní ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń rẹ́rìn-ín létí omi ẹlòmíràn.

Ó pé ọdún kan lọ́jọ́ kọkànlá tí ìyá rẹ ti lọ. Mo jókòó lórí àga rẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá Aránṣọ yọjú lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹlòmíràn.

Èmi.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún eyín.

Ẹ̀yìn ìwé tí ẹ ní kó máa wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mi ò ní tún un kọ. Tí ẹ ò bá tíì fi dáná, ẹ ní kí Ìyá Aránṣọ ṣí i. Mo bi yín ní ìbéèrè kan níbẹ̀, ìbéèrè náà sì ní ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé ń lò lọ́nà, ẹ sì ti ju fóònù sódò, nítorí náà ọjọ́ náà á ti kọjá kí èyí tó dé ọwọ́ yín.

Bàbá, ẹ ò gbọ́ ìbéèrè mi, ẹ sì ti dá mi lóhùn. Ẹ ní ọkọ̀ máa di ti káfíńtà. Ẹ ní ibi tí Màmá ń jókòó ló ń jókòó sí. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, aṣọ sì ń kó jọ lé mi lórí títí ọ̀gá fi pariwo orúkọ mi. Mi ò mọ̀ pé mo lè jowú káfíńtà láyé mi. Káfíńtà tó tún ẹsẹ̀ tábìlì wa ṣe, tí ẹsẹ̀ náà wá kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ.

Ẹ ní Bàbá Onífìlà ò bímọ rí. Ó bí mẹ́ta. Ìlú yìí náà ni wọ́n wà. Wọn kì í wá.

Mi ò tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, ó ti ń ya níbi tí mo ti ká a.

Ọmọ yín, tí ẹ bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Wá.

Mo ní kí Ìyá Aránṣọ kọ ìyẹn ṣáájú ìkíni, kí ìwọ náà má baà ká ìwé kí o tó dé ibẹ̀. Mo wá kí ọ báyìí. Ṣé ara le?

Lẹ́tà rẹ dé lónìí. Ìyá Aránṣọ kà á dé ibi tí o ti ní ká ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó dìde, ó lọ mú ti àkọ́kọ́ jáde nínú agolo tó ń kó bọ́tìnì sí. Kò sọ fún mi pé "ṣé mo wí i." Ì bá sọ ọ́, ì bá sàn fún mi. Ó kà á. Mo ní kó tún un kà. Mo tún gbé fọ́tò yẹn lọ sídìí fèrèsé. Òótọ́ ni, ojú ọkùnrin náà ò wo ẹja, kò wo ìwọ. Láti oṣù mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò wo ojú rẹ̀ rí.

Ọgbọ̀njọ́ ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Bóyá o ti fọwọ́ sí i. Tí o bá ti fọwọ́ sí i, ọwọ́ mi ló ti wá, torí èmi ni mo ní kí wọ́n ká ìwé. Ọdún méjì pọ̀ fún ọkùnrin tó jẹ́ orúnkún kan ló kù tó ń gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n màá dúró.

Káfíńtà ò wọ ọkọ̀ mi rí. Ẹ̀rù omi ń bà á. Tí òjò bá ṣú lásán, ó ti wọlé tilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó wá bá mi gbọ́n omi, ó ní igi tó bá wà lórí ilẹ̀ nìkan ni òun ń bá ṣe. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo. Tí mo bá ń wa ọkọ̀, omi ń kún. Tí mo bá ń gbọ́n omi, ọkọ̀ ń lọ síbi tó wù ú. Mo kàn fẹ́ kó dùn ọ́ bó ṣe dùn mí ni. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ ka ibi tó ti dùn ọ́, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ní ti ìyá rẹ, mo mọ̀ pé wọn ò fún ọ láyè. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ti mọ̀. Mo ń wá ẹni tí màá bínú sí. Òun ti lọ, ìwọ ló kù.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Bóyá ẹ ti kọ lẹ́tà sí mi, bóyá ẹ ò kọ, èyí á kọjá lára rẹ̀ lọ́nà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọgbọ̀njọ́, èmi àti Bàbá Onífìlà lọ sí adágún. Fọ́ọ̀mù wà lápò mi. Ó gbọ́ tí ẹja kan mí, ó dúró, ó tún gbọ́ ọ, ó ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ni. Èkejì rẹ̀ ò sí mọ́. Kò sí èyí tó ń jà bí irú eléyìí." Mo ju àkèré náà kọjá àwọn ọmọ, mo fà á. Kò tíì fò lẹ́ẹ̀mẹta tí omi fi là. Ó já ẹsẹ̀ rọ́bà kan dànù lára rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa fà á dé etí omi, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tẹ̀ lé e, gbogbo wọn, pupa, wọ́n ṣù síbi ẹsẹ̀ wa. Mo rántí ìró àjẹ̀ Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Bàbá Onífìlà ní, "Ṣé àwọn ọmọ wà níbẹ̀?"

Mo ní wọ́n wà.

"Yọ ìwọ̀ náà kíá, kí o dá a padà sọ́dọ̀ wọn, kí ẹlòmíràn tó jẹ wọ́n."

Mo dá a padà. Mo wá sọ fún un pé bàbá mi ní ẹni tó ń ṣe irú èyí kì í ṣe apẹja. Ó ní, "Bàbá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀? Ka lẹ́tà rẹ̀ fún mi."

Mo kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, mi ò yọ nǹkan kan kúrò, àti eyín, àti káfíńtà. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, èmi ni mo bá a mú un nínú koríko. Ó ní, "Ṣé bàbá rẹ ní kí o má wálé?"

Mo ní ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ fún káfíńtà ní ọkọ̀.

Ó ní, "Àkèré rọ́bà ni káfíńtà yẹn. Lójú bàbá rẹ, èmi náà àkèré rọ́bà ni mí. Wo bó ṣe gbá mi mú láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ẹja tí ọ̀rọ̀ ò bá kàn kì í la ẹnu tó bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ó na ọwọ́, ó ní kí n gbé fọ́ọ̀mù náà wá. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú fìlà rẹ̀, ó dé e padà. Ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí níbẹ̀.

Ọgbọ̀njọ́ ti kọjá, mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Mò ń bọ̀, Bàbá, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o. Ọjọ́ kejìlá oṣù Keje. Ẹ sọ fún káfíńtà kó dìde lẹ́yìn ọkọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Orúnkún òsì ti ń gbọ́ràn díẹ̀.

Ìyá Aránṣọ ka lẹ́tà rẹ fún mi dé ìparí, iwájú àti ẹ̀yìn. Nígbà tó parí, ó tún gbé ìwé náà síwájú iná, ó ní bóyá nǹkan ṣì wà láàárín. Ẹnu rẹ̀ ti ń mú jù látìgbà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí fìlà ti bọ́. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí pé ẹni tí kò ríran ló rí inú mi, tí ìwọ tí mo bí, tí o ní ojú méjì, ò rí i. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ pé mo ní ó ṣeun. Má fi kún un.

Mo wa ọkọ̀ lọ lánàá, mo sì bá omi tó pupa pàdé. Mo dáwọ́ dúró, mo dijú, mo fetí sílẹ̀ bí ti ọkùnrin yẹn. Mo gbọ́ ọ. Láyé mi, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò lórí omi, mi ò gbọ́ ìró yẹn rí, torí ẹnu mi kì í dákẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń mí. Mo fi àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fúnra mi, mo yí padà.

Mo ti nu ìjókòó ẹ̀yìn. Mi ò gbé nǹkan kan síbẹ̀. Mú àkèré rọ́bà náà dání, mo fẹ́ rí ohun tó ń tan àgbàlagbà jẹ, ṣùgbọ́n ekòló la máa lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, kí o sì ṣe é kí o tó kúrò níbẹ̀. O ò lè fi ọwọ́ ọkùnrin yẹn sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. O ní ó bí mẹ́ta, o ní ìlú yẹn náà ni wọ́n wà. Wá ibi tí wọ́n ń gbé. Má bẹ̀ wọ́n, má bá wọn wíjọ́. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ṣe irú rẹ̀ mẹ́ta, kí o fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, kí wọ́n rí ọwọ́ bàbá wọn léjìká ọmọ ẹlòmíràn.

Wọ́n á wá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ.